Ohun Tí Ìyá Jímọ́ọ̀ Sin

“Ẹran náà dà?”

Dókítà Fúnlọ́lá ti béèrè ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó tún un béèrè, Rahinat wo ojú ọkọ rẹ̀, Nàfíù sì gbójú sókè sí fáànù tó ń yí lórí wọn, bí ẹni pé fáànù ló fẹ́ dáhùn.

“Ẹran wo, dókítà?” ni Rahinat wí. “Ṣebí ẹ ti gé e. Ẹ ní ẹ ti gé gbogbo ẹ̀ kúrò.”

“A ti gé e, Ìyá Salmah. Ìdí tí mo fi ń béèrè gan-an nìyẹn. Kò sí lára yín mọ́, kò síbi tí a tún ti lè rí òmíràn mú. Àwọn ará láàbù wa bu díẹ̀ nínú kókó tí a yọ, wọ́n fi ìda bò ó mọ́ inú ike, wọ́n sì kó o fún Alíájì yìí pé kí wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò kan nígboro. Àyẹ̀wò yẹn parí, èsì ẹ̀ dé, ṣùgbọ́n ike yẹn kò padà sọ́dọ̀ wa. Méjì ni. Kò tóbi ju báyìí lọ.” Ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Nàfíù wúkọ́. “Ó wà nílé. Inú fìríìjì ni mo fi sí, kí ó má baà bàjẹ́.”

“Kò nílò fìríìjì, àmọ́ kò burú. Ẹ lọ gbé e wá.”

Dókítà náà fa àga rẹ̀ súnmọ́ tábìlì. Obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ṣe ń bá ẹni tí ẹ̀rù ń bà sọ̀rọ̀. Kì í kánjú, kì í sì í fi òyìnbó fọ́ ènìyàn lórí.

“Ẹ gbọ́ o. Nínú ẹran ara gbogbo wa, àwọn nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní jíìnì. Àwọn ló ń pàṣẹ fún ara. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan á máa pariwo, àwọn kan á sùn. Àwọn tó ń pariwo nínú jẹjẹrẹ tó máa ń padà wá yàtọ̀ sí àwọn tó ń pariwo nínú èyí tó bá lọ tí kì í padà. Ẹ̀rọ kan wà lókè òkun tó lè gbọ́ wọn nínú ẹran tí a gé. Yóò sọ fún wa bóyá tiyín fẹ́ padà, tàbí kò fẹ́.”

“Tó bá ní òun fẹ́ padà ńkọ́?”

“Á jẹ́ pé dandan ni kímò, oògùn líle tí wọ́n ń fà sí ara, a ó sì máa ṣọ́ ọkàn yín lójú méjèèjì. Tó bá ní òun ò fẹ́ padà, oògùn oníhóró tí ẹ ń lò láràárọ̀ yẹn ti tó. A ò ní máa fi májèlé lé ohun tí kò sí.”

“Dókítà,” ni Nàfíù wí, “ṣé ẹ ò wulẹ̀ lè fún un ní kímò náà báyìí, kí ọkàn gbogbo wa balẹ̀?”

Rahinat ni dókítà wò, nítorí Rahinat mọ ìdáhùn ju ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà tó bí Salmah ni ọkàn rẹ̀ ti kọ iṣẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wú, kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn, èémí rẹ̀ ń já bí ẹni tó ń gun òkè. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n ọkàn náà kò padà sí bó ṣe wà mọ́. Kímò tó lè lé jẹjẹrẹ lọ lè dá ọkàn yẹn dúró. Bí kò bá sì gbà á, tí jẹjẹrẹ bá padà wá, ikú náà ni. Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí.

“Ẹgbẹ́ oníwádìí kan ní Èkó ló ń bá àwọn obìnrin fi ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́,” ni dókítà parí ọ̀rọ̀. “Ẹrù wọn ń bá ọkọ̀ òfuurufú lọ nírọ̀lẹ́ yìí. Ẹ gbé e lé ọwọ́ Aaron ní láàbù kí aago mẹ́rin tó lù. Mi ò mọ ìgbà tí irú àǹfààní yìí tún máa yọjú, a ò sì lè fi ìtọ́jú yín falẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́.”

Nígbà tí wọ́n dé ilé wọn ní Niger Street, ní Sabon Gari nílẹ̀ Hausa, Nàfíù kó gbogbo ohun tó wà nínú fìríìjì sílẹ̀: ẹja dídì, ìgò sóbò, ata lílọ̀ nínú rọ́bà áísìkiriìmù. Kò sí ike. Ó tún un kó sínú, ó tún un kó jáde, bí ẹni pé ìdan ni.

“Salmah, ṣé o rí ọ̀rá dúdú kan nínú ibí yìí?”

“A'a, Baba. Ban gani ba,” ni ọmọ náà fi Hausa dáhùn pé òun kò rí i. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe. Yorùbá á wọlé láti etí, Hausa á gba ẹnu jáde.

Ìyá Jímọ́ọ̀, ìyá tó bí Nàfíù, wà lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ń ka tẹ̀sùbá. Ó ti ń wo wọn láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé.

“Kí lẹ ń wá, tí ẹ ń tú ilé bí ọlọ́pàá?”

“Màmá, ọ̀rá dúdú kan ni mo fi síbí. Nǹkan funfun kéékèèké méjì wà nínú ẹ̀, wọ́n fún mi ní ọsibítù.”

“Ẹran ara ìyàwó ẹ yẹn?” Ọwọ́ ìyá kò kúrò lórí ìlẹ̀kẹ̀. “Mo ti sin ín. Ó ti pẹ́.”

Rahinat rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. “Ẹ ṣe kí ni, Màmá?”

“Mo ní mo sin ín. Ohun tó yẹ kí ọkọ ẹ ṣe ni mo ṣe. Nàfíù tí a fi sí ilé kéwú, tí a ṣe wọlímọ̀ fún, tí gbogbo Sabon Gari jẹ ẹran rẹ̀! Wọ́n gé ọmú ìyàwó ẹ, ìwọ lọ tì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹja. Ohun tí a bá gé lára ènìyàn, ilẹ̀ ló ni ín. Mo fi lọ́fínńdà sí i, mo fi aṣọ funfun dì í, mo gbé e lọ síbi tó yẹ ẹ́. Mo sì rò pé ẹ ó dúpẹ́ ni.”

Rahinat jókòó sílẹ̀ nínú omi tí fìríìjì ń dà. Nàfíù ló ṣàlàyé fún ìyá rẹ̀, ó ń kánjú, ó ń ti ọ̀rọ̀ bọ ara wọn: ẹ̀rọ, òkè òkun, jíìnì tó ń pariwo, ọkọ̀ òfuurufú ìrọ̀lẹ́. Ìyá fetí sílẹ̀ títí ó fi dákẹ́.

“Pé ẹ̀rọ fẹ́ gbọ́ ohun tó ń sọ,” ni ìyá wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Kí ló tún kù tó fẹ́ sọ? Ohun tó wá pa ọmọ mi, tí Ọlọ́run ò gbà fún un, ṣé òun lẹ fẹ́ lọ jí kó máa bá yín sọ̀rọ̀? Ẹ jẹ́ n sọ fún yín, nítorí kí ó má baà padà wá ni mo ṣe sin ín. Mo sọ fún un níbẹ̀ pé ibi tí ìrìn ẹ̀ parí sí nìyẹn. Ẹni tó bá hú u, òun ló pè é wálé. Ọwọ́ mi ò ní sí níbẹ̀.”

“Màmá, ṣé ẹ fẹ́ pa á ni?”

Ariwo ni Nàfíù fi sọ ọ́. Kò pariwo mọ́ ìyá rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti dáyé, ọ̀rọ̀ náà sì ba òun gan-an lẹ́rù. Tẹ̀sùbá dúró lọ́wọ́ ìyá. Salmah bẹ̀rẹ̀ sí sunkún.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Rahinat rí i pé bí wọ́n bá jẹ́ kí ìyá yìí bínú dé ibi tí yóò ti ṣorí kunkun, wọn kò ní mọ ibi tí ẹran náà wà títí láé. Ó fi orúnkún rìn dé ẹsẹ̀ ẹní.

“Màmá, ẹ má dá Bàbá Salmah lóhùn. Èmi ni kí ẹ gbọ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Láti ìgbà tí wọ́n ti gé e ni mi ò ti sùn dáadáa. Mo máa ń tẹ èyí tó kù wò, mo máa ń tẹ abíyá mi wò, tí mo bá rí koko kékeré, àyà mi á já. Gbogbo ènìyàn ló ń wí fún mi pé ikú tó fẹ́ pani, tó bá ṣí ni ní fìlà, ká máa dúpẹ́. Mo ń dúpẹ́, Màmá. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá ó ti lọ, tàbí ó kàn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Òun nìkan ló mọ̀, ẹ sì ti bò ó mọ́lẹ̀.”

Ìyá ká tẹ̀sùbá rẹ̀ mọ́wọ́.

“Bí wọ́n bá fún mi ní kímò láìnídìí, bí ẹ ṣe rí mi nígbà tí mo bí Salmah lẹ tún máa rí mi. Ẹ̀yin lẹ jókòó tì mí nígbà yẹn. Ẹ̀yìn yín ni mo fi ẹ̀yìn tì kí n tó lè mí. Ṣé ẹ tún lè gbé mi, Màmá?”

Ojú ìyá kọ́kọ́ kúrò lára rẹ̀, ó lọ sára ògiri, ó lọ sára Salmah tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú, kí ó tó padà wá. Kò gbàgbé. Ìyá wo ló máa gbàgbé? Ó ti jókòó bí ògiri lẹ́yìn ọmọ ọlọ́mọ, ó ń gbọ́ bí èémí ṣe ń wọlé tó ń jáde, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó má jẹ́ kí ọ̀kan wọlé kó má jáde. Kò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni rí.

Ó di tẹ̀sùbá rẹ̀ mọ́ etí ìró. “Ẹ mú ọkọ́ dání,” ni ó wí.

“Níbo, Màmá?”

“Railway Quarters. Ẹ̀yìn ilé wa àtijọ́, níbi tí a sin ìwọ́ gbogbo yín sí. Ṣé ibòmíràn wà tí mo tún máa gbé e lọ ni?”

“Mama, ina za ku?” ni Salmah ń béèrè bí wọ́n ṣe ń fà á lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò. Kò sẹ́ni tó sọ ibi tí wọ́n ń lọ fún un.

Gáàdì ọkọ̀ ojú irin ni Bàbá Jímọ́ọ̀ nígbà ayé rẹ̀. Ilé ìjọba tí wọ́n fún un ní Railway Quarters ni wọ́n ti bí gbogbo ọmọ rẹ̀, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì ni wọ́n kó lọ sí Niger Street. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní adàídàítà tó gbé wọn lọ kò tíì dúró tán tí Ìyá Jímọ́ọ̀ fi sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin kan ń sá aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Edith ni orúkọ rẹ̀, ìyá Tiwa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni òun náà bíi ti ìdílé Nàfíù, iṣẹ́ réluwéè ni ọkọ rẹ̀ ń ṣe, àwọn ló sì ń gbé ilé náà báyìí. Bó ti rí ìyá nínú híjáàbù, aṣọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Màmá, ẹ̀yin ni mo rí láàárọ̀ ọjọ́ náà! Mo sọ fún Bàbá Tiwa pé mo rí ẹnì kan tó ń jáde lẹ́yìn ilé wa, ó ní ojú mi ló ń ṣe wìrìwìrì. Kí lẹ sin sẹ́yìn ilé mi?”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Tiwa,” ni Nàfíù bẹ̀rẹ̀. “Ọ̀rọ̀ ìlera ni. Ẹ jẹ́ kí á kàn gbẹ́ ẹ kíákíá, a ó ṣàlàyé—”

“Kò sẹ́ni tó máa gbẹ́ nǹkan kan níbí! Láti ọjọ́ yẹn ni orí ti ń fọ́ mi. Pásítọ̀ wa ti lọ sí Kàdúná, ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀. Ojú wọn ni a ó ti hú ohunkóhun tó bá wà níbẹ̀.” Ó na apá méjèèjì, ó fi dí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. “Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ padà wá lọ́la.”

“Ẹ wò ó, kò sí oògùn níbẹ̀!” ni Ìyá Jímọ́ọ̀ wí. “Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé ilé yìí kí wọ́n tó gbé e fún ẹ. Ọmọ mi ni mo sin.”

Ọ̀rọ̀ yìí kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. “Ọmọ?” ni Edith kígbe. “Ẹ sin ọmọ sẹ́yìn ilé mi?”

Oòrùn ti yẹ̀ kúrò lágbede méjì ọ̀run. Nàfíù ń wo aago lójú fóònù rẹ̀. Rahinat kò ronú lé ohun tó ṣe. Bó bá ronú ni, kò ní ṣe é, nítorí obìnrin tí kì í jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ gan-an rí ojú ọgbẹ́ náà nínú ìmọ́lẹ̀ ni. Ó gbé híjáàbù sókè, ó ṣí bọ́tìnnì bùbá rẹ̀, ó fa aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú oòrùn. Nàfíù yára kọ ẹ̀yìn sí wọn.

Níbi tí ọmú wà tẹ́lẹ̀, àyà náà tẹ́ pẹrẹsẹ, àpá pupa kan là á já láti àárín dé abíyá.

“Èyí ni wọ́n sin, Ìyá Tiwa,” ni ó wí. “Èmi ni wọ́n sin. Dókítà ń fẹ́ ẹ kí aago mẹ́rin tó lù. Bí mo bá dúró de pásítọ̀ yín, ó ti bọ́ nìyẹn.”

Apá Edith rọra wálẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, omi sì lé ròrò sí i lójú. Òun fúnra rẹ̀ ló wá fa bùbá náà padà, tó dí bọ́tìnnì rẹ̀ fún un bí ẹni tó ń múra fún ọmọdé.

“Ẹ máa bọ̀,” ni ó wí. “Mo mọ ojú ibẹ̀ dáadáa. Ojoojúmọ́ ni mo ń da òróró àdúrà sí i.”

Lábẹ́ igi dógóyárò lẹ́yìn ilé, ó ti yí dúrọ́ọ̀mù omi kan lé ojú ibẹ̀, kí ohun tó wà nísàlẹ̀ má baà jáde. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ló bá wọn ṣọ́ ọ. Òun àti Nàfíù ti dúrọ́ọ̀mù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Nàfíù sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀ tí omi àti òróró ti mú rọ̀.

“Dúró!” ni Ìyá Jímọ́ọ̀ wí. “O fẹ́ fọ́ ọ ni. Kúrò níbẹ̀.”

Ó kúnlẹ̀, ó ká apá híjáàbù, ó fi ọwọ́ gbẹ́ ìyókù. Arúgbó tí orúnkún ń dùn, tó máa ń jókòó sórí àga kírun, ló ń ha ilẹ̀ báyìí. Nígbà tí èékánná rẹ̀ kan agolo, gbogbo wọn gbọ́ ọ.

Agolo mílíìkì ni, ó ti dípẹtà létí kan. Aṣọ funfun tó wà nínú rẹ̀ ti pọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ta lọ́fínńdà. Ìyá tú u. Ike méjì ló wà níbẹ̀. Ìda ọ̀kan ti fọ́, ìyẹ̀pẹ̀ ti wọ̀ ọ́. Èkejì dì, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ sì wà síbẹ̀. Rahinat wò ó. Ohun kékeré tó rí bíi ìkarahun ẹ̀pà nínú ìda, ohun tó fẹ́ pa á. Ó ti rò pé òun máa kórìíra rẹ̀ bí òun bá rí i, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀.

“Ṣé wọ́n á dá a padà?” ni ìyá bi Nàfíù, kò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀.

“Tí wọ́n bá ti gé ibi tí wọ́n fẹ́ lò, wọ́n á dá ìyókù padà, Màmá. Mo ṣèlérí. Ẹ gbé e wá.”

Ìyá gbé e súnmọ́ ẹnu. “Máa lọ,” ni ó sọ fún un. “Ohun tí wọ́n bá bi ọ́, òótọ́ ni kí o sọ. Má purọ́ mọ́ ọmọ mi.” Ó wá gbé e fún Nàfíù, Nàfíù sì sáré wọ adàídàítà tó ń dúró dè é.

Láti ìgbà náà, wọn kò rí nǹkan ṣe ju kí wọ́n jókòó lọ. Edith gbé àga jáde, ó gbé omi tútù wá, ó bi ìyá lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó máa jẹun. Rahinat kò lè mu omi. Ó ń ro ojú ọ̀nà: ibi tí tírélà máa ń dí nítòsí ọjà Kantin Kwari, àwọn alágbàrù tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù dí títì. Níwájú rẹ̀ ni ihò náà wà. Kò jìn, ọmọ adìyẹ lè bọ́ sínú rẹ̀ kó sì jáde. Síbẹ̀ ojú rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀.

“Ẹ jẹ́ kí n ti ilẹ̀ yẹn padà,” ni Edith wí. “Ihò tó ṣí sílẹ̀ báyìí kò dáa, Màmá.”

“Fi sílẹ̀,” ni ìyá wí. “Ó ń padà bọ̀. Àyè ẹ̀ nìyẹn.”

Fóònù dún. Rahinat gbé e sétí.

“Ìyá Salmah, mo bá wọn,” ni Nàfíù wí, ó ń mí hẹlẹ. “Aaron ló gbà á. Ó ní èyí tó fọ́ yẹn ti bàjẹ́. Ó gé èkejì wẹ́wẹ́, ó wò ó. Ó ní òun rò pé ó ṣeé lò, àmọ́ òun ò lè búra. Òkè òkun ni wọ́n máa ti mọ̀ bóyá ó ṣì lè sọ̀rọ̀. Ó ti wà nínú ẹrù. Wọ́n ti gbé e jáde. Ṣé ò ń gbọ́ mi?”

“Mò ń gbọ́.”

“A ó máa retí.”

“A ó máa retí,” ni ó wí, ó sì pa fóònù.

Ó sọ fún àwọn méjèèjì. Edith ní “Ògo ni fún Ọlọ́run,” ìyá ní “Alhamdulillahi.” Ọ̀sẹ̀ tó máa kọjá kí èsì tó dé pọ̀, Rahinat ni yóò sì máa gbé inú wọn. Ó wo ihò náà, ó rí ara rẹ̀ bó ṣe máa rí: yóò máa fọ abọ́, yóò máa di irun Salmah, ọkàn rẹ̀ yóò sì wà níbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kan tó ń dúró de ìyókù rẹ̀.

Ó dìde, ó gbé ọkọ́.

“Ìyàwó, mo ní kí a fi sílẹ̀ dè é,” ni ìyá wí.

“Mo gbọ́, Màmá. Ẹ má bínú. Tó bá padà dé, a ó gbẹ́ òmíràn. Ohun tó bá sì sọ, mo máa gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ihò kankan níbikíbi tó ń dúró de nǹkan lára mi.”

Apá tí wọ́n ti gé ọmú kò tíì lágbára, nítorí náà ọwọ́ kan ló fi ń wọ́ ilẹ̀ náà. Edith fẹ́ gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò fún un. Ìyá wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó dìde pẹ̀lú ìrora, ó bọ́ bàtà, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹsẹ̀ ti ìyẹ̀pẹ̀ láti apá kejì.

Nígbà tí ilẹ̀ tẹ́jú, Rahinat dúró lé e, ó tẹ̀ ẹ́ kí ó le. Ó fọ ọwọ́ nínú dúrọ́ọ̀mù, ó sì ní kí àwọn máa lọ sílé, nítorí Salmah kò tíì jẹun.